Denon AVR-X1600H ní pálọ̀ mi l'Ádó-Èkìtì: inú mẹ́nù ni béèsì wà

Rìsífà yìí, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tẹlifíṣọ̀n àti orin, tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, dára, owó tí mo san lé e kò dùn mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e délé, tí ẹ so wáyà mọ́ ọn, tí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ṣètò ara rẹ̀, tí ẹ wá jókòó pé ẹ fẹ́ gbádùn, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa bú ẹni tó tà á fún yín. Béèsì rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlù á máa dún lókè eyín, kò ní dé àyà. Ẹ ó sọ pé wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì, ni kò tóbi, ẹ ó lọ ra èyí tó jù ú lọ, owó á tún jáde lápò, bí ọ̀rọ̀ ṣe wà náà ló ṣe máa wà. Mo ti rí i lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ béèsì kì í ṣe tuntun sí mi. Mo ta kásẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́bàá Ọjà Ọba, kí CD tó dé, kí fóònù tó wá gbá gbogbo wa kúrò nídìí òwò náà. Láyé ìgbà yẹn, sípíkà tó wà níwájú ìsọ̀ mi, ẹnu ìkòkò amọ̀ ni mo gbé e lé, mo dojú rẹ̀ kọ òkè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkòkò yẹn á gbé béèsì jáde débi pé ẹni tó ń lọ sọ́jà á yà, á ní kí n sọ orúkọ olórin náà fóun. Orí mi ti ń funfun báyìí, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì di.

Ọdún 2019 ni Denon gbé AVR-X1600H jáde. Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni tèmi, ₦320,000 ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Ìjìgbò. Sípíkà méje ló lè gbé, ihò méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wúfà. Agbára tí wọ́n kọ fún un jẹ́ 80 wáàtì fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé ìgbà tí méjì bá ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Àwọn tí ojú wọn ti mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 10,000 wáàtì sí lára páálí á fi 80 yìí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. 80 tó jẹ́ òótọ́ tó láti lé gbogbo ilé jáde.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, 120V ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná tiwa sì jẹ́ 230V. Ẹni tó bá kì í bọ ògiri tààrà, èéfín ni yóò rí kó tó gbọ́ orin. Step-down, ẹ̀rọ tó ń rẹ iná sílẹ̀ sí 120V, ni mo fi ń lo tèmi, èyí tó tó 1,500 wáàtì, nítorí tòkunbọ̀ ni wúfà náà, 120V lòun náà ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi step-down kékeré tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ ìgẹrun tàn yín jẹ. Béèsì ló ń jẹ iná jù nínú gbogbo ohùn. Bí ìlù bá wọlé gìdìgìdì, step-down tí kò lágbára á rẹ̀wẹ̀sì, ohùn á sì fọ́, ẹ ó wá máa wá àìsàn náà sára sípíkà.

Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè ni máìkì. Máìkì kékeré kan máa ń bá rìsífà yìí wá nínú páálí rẹ̀, òun ló fi ń gbọ́ bí pálọ̀ yín ṣe rí. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sábà máa ń gbé ẹ̀rọ nìkan kalẹ̀. Ọmọ tó dá mi lóhùn ní, "Bàbá, ẹ ò nílò ìyẹn, àwọn DJ ló ń lò ó." Mo ní kò burú, mo fa àga, mo jókòó. Nígbà tó rí i pé mi ò ní sanwó, mi ò sì ní lọ, ó lọ tú báàgì gànà-mùst-gò kan sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó sì rí máìkì náà láàárín àwọn rìmóòtù tí ẹ̀rọ wọn ti kú. Bí kò bá sí máìkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ́ nínú owó rẹ̀ fún yín, tàbí kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba wúfà kí n tó wọ inú mẹ́nù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé Ìlawẹ̀ gbọ́ pé mo ra rìsífà, ló bá gbé wúfà home theatre rẹ̀ àtijọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ wá sí Adó.

"Ìwọ so ó mọ́ ọn. Ó tóbi ju tìẹ lọ."

Mo yí wúfà náà padà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló jáde níbẹ̀, pupa àti dúdú, ó parí. Kò sí wáyà iná, kò sí ohun tí ènìyàn lè yí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èyí ò lè ṣiṣẹ́ níbí."

"Kí ló ṣe é? Ṣebí ó ń dún nílé mi."

"Ẹ̀rọ tiyín ló ń fún un lágbára, sà. Ihò wúfà tó wà lẹ́yìn Denon yìí, ohùn lásán ló ń gbé jáde, kò lágbára tó lè ti wúfà. Wúfà tó ní ámpù tirẹ̀ nínú, tó ń jẹ iná tirẹ̀, òun la lè so mọ́ ọn."

Inú ẹ̀gbọ́n kò dùn, ṣùgbọ́n iyán ti wà nílẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ti wà lórí rẹ̀, a kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọ̀pọ̀ home theatre tí wọ́n dì papọ̀ sínú páálí kan, irú wúfà bẹ́ẹ̀ ló wà nínú wọn. Kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ná owó rìsífà tán pẹ̀lú ìrètí pé wúfà ti wà nílé. Polk PSW10 ni tèmi, oní-ínṣì mẹ́wàá, ámpù inú rẹ̀ jẹ́ 50 wáàtì. Bọ́tìnì ńlá méjì ló ní lẹ́yìn: ọ̀kan fún fólúùmù, ọ̀kan fún crossover, ibi tí wúfà àti sípíkà ti ń pín ohùn, láti 80 dé 160 Hz (bí Hz bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe lọ sísàlẹ̀ tó). Crossover yẹn, ẹ yí i lọ sí 160 pátápátá, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Rìsífà ló máa gé ohùn. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń gé e, ihò á ṣí láàárín wúfà àti sípíkà, ibẹ̀ gan-an sì ni ìlù máa ń bọ́ sí.

Audyssey ni wọ́n ń pe ohun tó ń fi máìkì wọn pálọ̀. Ẹ ó gbé máìkì sí ibi tí orí yín máa ń wà tí ẹ bá jókòó, sípíkà kọ̀ọ̀kan á máa ké ní tirẹ̀, ẹ ó tún gbé máìkì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, títí dé ibi mẹ́jọ. Mo fi igi bíróòmù àti sẹlotéèpù ṣe ohun tó dì í mú, ẹ má fi ọwọ́ gbé e. Ilé gbọ́dọ̀ pa lọ́lọ́. Fún àwa tí a ń gbé Adó, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ẹni tó ń polówó ògì, òjò lórí páànù, bí ọ̀kan bá ti dá sí i, rìsífà á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ariwo pọ̀, á ní kí ẹ tún un ṣe. Ìgbà tí iná bá wà lóru ló dára jù, nígbà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú. Ẹ pa fáànù. Ẹ yọ fíríìjì náà, á tún tutù.

Bó bá dé orí wúfà, ó lè dá yín dúró. Àárín 72 sí 78 dB ló fẹ́ kí ohùn wúfà wà; dB ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó. Tó bá kọjá ibẹ̀ tàbí tí kò dé ibẹ̀, ẹ lọ sẹ́yìn wúfà kí ẹ yí fólúùmù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti yí i dé òpin kí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, pé kí béèsì lè pọ̀. Kò ní pọ̀. Rìsífà á kàn fa ohùn náà wálẹ̀ nínú tirẹ̀ títí á fi kan -12, tí kò ti ní ibi tó tún lè lọ mọ́. Tí ẹ bá rí -12 nídìí Subwoofer nínú Levels, ojú ìwé mẹ́nù tó ń kọ ìwọ̀n ohùn sípíkà kọ̀ọ̀kan, fólúùmù ẹ̀yìn wúfà ti ga jù nìyẹn. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n.

Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, mo lọ wo ohun tó kọ. Setup, Speakers, Manual Setup, Speaker Config. Ojú ìwé yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ béèsì wà. Sípíkà iwájú mi jẹ́ àwọn gíga tó dúró nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tó ń lù nínú wọn kò ju ínṣì márùn-ún àti díẹ̀ lọ. Rìsífà kọ Large síwájú wọn.

Large túmọ̀ sí pé sípíkà náà ló máa gba gbogbo ohùn, tòkè tìsàlẹ̀, rìsífà kò sì ní yọ nǹkan kan níbẹ̀ fún wúfà. Kí ló wá kù fún wúfà? LFE nìkan. LFE ni .1 tí ẹ máa ń rí nínú 5.1, ohùn ìsàlẹ̀ tí àwọn tó ṣe fíìmù dìídì kó sọ́tọ̀: àrá, ìbọn, ilé tó wó lulẹ̀. Ẹ wá ro ohun tí à ń gbọ́ nílé wa. Orin jùjú àti fújì, ohùn méjì ni wọ́n, ọ̀tún àti òsì. Kò sí LFE níbẹ̀. Fíìmù Yorùbá tí ìyá àwọn ọmọ ń wò lórí YouTube, ohùn méjì ni. Ìwàásù ọjọ́ Àìkú, ohùn méjì. Tó bá jẹ́ pé sípíkà iwájú wà ní Large, wúfà á sùn láti àárọ̀ dalẹ́, iná kékeré ara rẹ̀ á máa tàn lásán. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé fíìmù Amẹ́ríkà sí i, á jí, á mi ògiri, á tún sùn. Àìmọye wúfà ni wọ́n ti gbé lọ fún àwọn tó ń tún rédíò ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n tú u, tí wọ́n dì í, tí wọ́n sì gbowó, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Mo yí i sí Small, kí rìsífà lè yọ béèsì kúrò níbẹ̀ fún wúfà. Kò sí ẹni tó fi bú sípíkà yín. Bí ẹ tilẹ̀ ra èyí tó ga dé èjìká, Small náà ni kí ẹ fi í sí tí wúfà bá wà nílé. Kí ẹ ní kí sípíkà oní-ínṣì márùn-ún máa gbé 40 Hz, ọmọ ọdún méje lẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé lórí yẹn. Mo yọ aṣọ tó bo ojú sípíkà, mo fi orin jùjú sí i, orin tí gìtá béèsì ti pọ̀, mo sì fi ìka kan pépà ojú rẹ̀ díẹ̀. Ní Large, pépà náà ń sá wọlé, ó ń sá jáde, ó ń lù mí níka, síbẹ̀ béèsì tó ń dé àga mi kò tó nǹkan, ohùn olórin sì ń gbọ̀n. Mo tẹ Small. Pépà dúró jẹ́ẹ́, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gìtá béèsì gba ìsàlẹ̀ ilé jáde, tí ohùn olórin sì mọ́ gaara. Wáyà tó nípọn jù nínú gìtá béèsì, 41 Hz ni ohùn rẹ̀ máa ń jẹ́ bí wọ́n bá ta á láìtẹ̀ ẹ́. PSW10 lè dé 35. Sípíkà iwájú mi kò lè dé ibẹ̀, kò sì yẹ kí a fi í jìyà.

Bí ẹ bá ti fi wọ́n sí Small, ẹ lọ sí ojú ìwé Crossovers, níbi tí ẹ ti máa sọ ibi tí wúfà á ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sípíkà. 80 Hz ni mo fi ti iwájú àti ti àárín sí. 80 yìí kì í ṣe ti orí mi o, òun ni THX, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé òṣùwọ̀n ohùn fíìmù kalẹ̀, mú. Ohùn tó bá wà lábẹ́ 80, etí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó ti ń bọ̀, nítorí náà wúfà lè wà ní igun, kí ẹ ṣì rò pé iwájú ni gìtá wà. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣírí á tú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sí 150 kí n lè gbọ́ bó ṣe ń rí. Oníwàásù dúró láàárín tẹlifíṣọ̀n, ìdajì ohùn rẹ̀ ń ti igun ilé wá lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù! Ohùn ọkùnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 85 Hz, wúfà sì ti ń bá a wàásù. Àwọn kékeré méjì tó wà lẹ́yìn àga, 100 ni mo fún wọn, nítorí wọn kò lágbára rárá.

Ẹ lè gbé crossover ga ju ohun tí Audyssey kọ lọ, kò burú. Ẹ má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i. Ibi tó kọ yẹn ni sípíkà náà ti rẹ̀ ẹ́, Audyssey kò sì tún ohùn tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ṣe fún un. Bákan náà, nígbàkígbà tí ẹ bá tún pálọ̀ wọ̀n, á tún kọ Large padà. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lábẹ́ Bass, ẹ ó rí Subwoofer Mode. LFE ni kí ẹ fi sílẹ̀. LFE+Main máa ń wu ènìyàn, torí wúfà àti sípíkà tó bá wà ní Large ni yóò jọ máa gbé béèsì kan náà jáde. Wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́ níhìn-ín, wọ́n á pa ara wọn lóhùn lọ́hùn-ún, ohun tó máa kù ní pálọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù ni gbùúgbùú tí kò ní orí, tí kò ní ìdí. LPF for LFE, ibi tí wọ́n ti ń gé òkè ohùn LFE, 120 Hz ló wà láti ilé-iṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Distances, ibi tí rìsífà ń kọ bí sípíkà ṣe jìnnà sí àga tó, máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí mo bá na téèpù láti àga mi dé ìdí wúfà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni. Denon kọ nǹkan bíi mẹ́rìnlá. Aládùúgbò mi tó jẹ́ kápẹ́ńtà fẹ́ bá mi tún un ṣe, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ nínú ámpù wúfà kó tó jáde, rìsífà sì ti gbọ́ ìdádúró yẹn, ló fi kà á sí ọ̀nà jíjìn. Mẹ́rìnlá yẹn ló máa jẹ́ kí gbogbo wọn dé etí yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé téèpù padà sílé.

Wáyà sípíkà ńkọ́? Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n ń tà fún wa ní ọjà, funfun ni méjèèjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀kan ni àmì rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nínú sípíkà méjì kọdí, ìkan á máa tì nígbà tí ìkejì ń fà, béèsì á sì pòórá láàárín wọn. Lẹ́yìn wúfà náà, bọ́tìnì kékeré kan wà, 0 àti 180. Mo jókòó, mo ní kí ọmọ mi máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nígbà tí orin ń lọ. Èyí tí béèsì bá ti kún jù lórí àga yín, òun ni tiyín. Fún pálọ̀ mi, 0 ni.

Mo ti ń pe pálọ̀ ní pálọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ètò tó lè borí rẹ̀ tán. Ilé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí, pákó àti páálí ni ọ̀pọ̀ ògiri wọn, béèsì ń gba ara rẹ̀ jáde. Tiwa, búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án, símẹ́ńtì lórí rẹ̀, táìsì nílẹ̀. Béèsì kò ríbi jáde, á máa lọ, á máa bọ̀ láàárín ògiri méjì. Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún ní gígùn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún yẹn bá 35 Hz mu, ohùn yẹn máa ń kún lẹ́bàá ògiri, á sì ṣófo láàárín gbùngbùn yàrá. Àga ńlá wa sì wà láàárín gbùngbùn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àlejò ti ń rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Mo sún un sẹ́yìn díẹ̀, ó tó bí apá kan. Béèsì tí mo rí gbà nídìí sísún yẹn, kò sí bọ́tìnì kankan lórí rìmóòtù tó lè fún mi.

Ibi tí wúfà máa dúró sí ńkọ́? Ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ ti ń gbọ́ orin, ẹ fi orin béèsì sí i, kí ẹ wá máa rákò yí ẹsẹ̀ ògiri ká. Ibi tí béèsì bá ti mọ́, tí kò ṣe gbùúgbùú, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé wúfà padà sí. Ìyàwó mi wọlé, ó bá mi lórí eékún lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti etí mọ́ ilẹ̀.

"Baba Dayọ̀, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

"Béèsì."

"Ẹ ò bá sọ fún mi kí n tó gbálẹ̀."

Igun ilé gan-an kò dára fún tèmi, ó pariwo jù lórí ohùn kan ṣoṣo, àwọn yòókù á sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì sí igun ló bọ́ sí. Nígbà tí béèsì wá mọ́ tán, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: sílíìnì PVC ń gbọ̀n, gíláàsì wíńdò ń dún gbangbangban, àwo tánganran tí wọ́n fún wa nígbà ìgbéyàwó ń jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyẹn kì í ṣe àléébù Denon. Bébà tí mo ká mọ́ abẹ́ gíláàsì àti aṣọ tí ìyàwó mi tẹ́ sábẹ́ àwo ló parí rẹ̀.

Ní alẹ́, Dynamic EQ ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ yìí. Etí ènìyàn kì í gbọ́ béèsì dáadáa tí ohùn bá lọ sílẹ̀. Dynamic EQ ń fi béèsì kún un bí ẹ bá ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó lè kún létí yín láìjí onílé. Ó ní Reference Level Offset tí ẹ lè fi dín in kù: 0 fún fíìmù, 10 fún orin. Orin ìgbàlódé tí wọ́n ti pariwo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní stúdíò, 15. Tí ẹ bá fi 0 gbọ́ fújì, béèsì á bo sákárà mọ́lẹ̀. Bí Dynamic EQ bá wà ní On, bọ́tìnì Bass àti Treble kò ní ṣiṣẹ́, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Dynamic Volume jẹ́ nǹkan mìíràn, ó ń tẹ ohùn ńlá rì, ó ń gbé kékeré sókè. Ó dára fún ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn, ṣùgbọ́n ó ń pa ìlù. Off ni tèmi.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo fi 3 dB kún wúfà nínú Levels. Audyssey gbé béèsì tó tọ́ kalẹ̀, èyí tó tọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tó fún ẹni tó ta kásẹ́ẹ̀tì rí.

Kí ló kù díẹ̀ káàtó? Rìsífà yìí máa ń gbóná, ẹ má tì í bọ inú àpótí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ẹ̀yìn rẹ̀ pa, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà lókè orí rẹ̀. Ẹ kò lè ṣe gbogbo ètò yìí láìtan tẹlifíṣọ̀n, ìwé inú mẹ́nù náà sì kéré fún ojú àgbà. Ihò wúfà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kan náà ló ń ti inú méjèèjì jáde, ẹni tó bá fẹ́ kí rìsífà wọn wúfà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kó lọ ra èyí tó ju eléyìí lọ. PSW10 náà ní ààlà tirẹ̀: àwọn ìbúgbàù fíìmù tó wà ní 20 Hz, kò dé ibẹ̀, bó ti wù kí ẹ yí bọ́tìnì tó. Fún orin tiwa, mi ò rò pé ẹ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní ₦320,000 tó sì ní wúfà tó ń jẹ iná tirẹ̀ nílé, kó rà á, pẹ̀lú máìkì. Ẹni tí kò bá ní wúfà, kó pín owó náà sí méjì, kó ra rìsífà tó kéré díẹ̀ pẹ̀lú wúfà gidi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣètò tán, ẹ lọ sí General nínú mẹ́nù, ẹ fi Setup Lock sí On. Àwọn àbúrò ìyàwó máa ń wá lọ́dún Kérésì, wọ́n sì fẹ́ràn rìmóòtù.